Ẹ̀rọ Sọ Pé A Ti Lọ Sílé

Màámi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ mi.

Ara mi le, ẹ má mikàn o. Ìjọba ti ṣòfin pé àwa tá à ń fọ aṣọ ọsibítù nílùú òyìnbó níbí ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ kọjá ìrọ̀lẹ́ mọ́. Òfin tó dáa ni. Tí ìrọ̀lẹ́ bá lé, ọ̀gá á ní ká lọ tẹ ìka sí ẹ̀rọ tó ń jẹ́rìí pé a ti lọ sílé. A ó tẹ̀ ẹ́, a ó kí ara wa pé ó dàárọ̀, a ó sì padà sídìí iṣẹ́. Èmi àti obìnrin kan la jọ ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì, èmi di etí kan mú, òun di èkejì mú. Tí oorun bá gbé mi lọ lórí ìdúró, á fa etí aṣọ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, màá sì jí.

Ẹ bá mi kí ọmọ. Ẹ sọ fún un pé òfin ti ní kí ìyá ẹ̀ máa tètè sùn.