Jíìpù Tó Rì sí Oko Ọba

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

N kò ra jíìpù o. Irọ́ ni gbogbo àwọn tó ń pè mí láti ọ̀sán pé "ẹ kú oríire" gbọ́. Mo kàn wà á wò ni.

Òun ni ilé ìtajà kan n'Íkẹjà fi ń ṣe àfihàn fún oníbàárà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ tà á ní pọ́ọ́kú. Wọ́n ní táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń yí. Ọ̀nà abúlé wa ni mò ń rò. Nígbà tí àìsàn dá Màámi gúnlẹ̀ lójò èṣí, ọkọ̀ kankan ò lè wọlé. Èjìká ni àwọn ará abúlé fi gbé wọn dé títì.

Mo ní kí a wọ ẹrẹ̀ kí n rí i. Arákùnrin tó ń tà á lanu: "Bọ̀ọ̀dá, ọkọ̀ àfihàn kì í wọ ẹrẹ̀!"

"Kí ló wá fẹ́ ṣe lábúlé wa?"

Èmi àti ẹ̀ wà á lọ sí ọgbà màlúù l'Óko Ọba, níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́ alápatà. Ó rì sínú ẹrẹ̀ ibẹ̀. Táyà ń yí lásán. "Táyà ìgboro ni," ni arákùnrin yẹn ń wí ṣáá.

Bàbá Sàká, ọ̀gá mi, bọ́ bàtà. "Oníjíìpù, ṣé ká so ó mọ́ màlúù ni?" Àwọn alápatà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi èjìká tì í jáde.

N kò ní rà á. Ó ti rẹ̀ mí.

Mo fẹ́ ka àwọn tó bá mi tì í, kí n lè ra mínírà fún wọn lọ́la. Mo dé orí mẹ́rìnlá kí n tó rí i pé mo ti ka àwọn tó gbé Màámi mọ́ wọn. Mo pa kíkà tì.