Ohun tí Fóònù Màámi Kà Jáde

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. Èmi ni mo gbé fóònù Màámi lọ sí ọ́fíìsì ní Yábàá, tí mo fi wáìfáì wọn ṣe ọ́púdéètì ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé á máa ka mẹ́sẹ́éjì sókè fún ẹni tí ojú ẹ̀ ò ríran mọ́.

Tẹ́lẹ̀, èmi ni mò ń bá Màámi ka ti Ṣadé, àbúrò mi tó wà ní Kánádà. Tí mo bá ti dé ibi ọ̀rọ̀ ìfẹ́, màá fò ó, màá ní, "Ṣadé kí yín."

Lónìí, fóònù kà á bí ẹni tó kó iṣu gbígbóná sẹ́nu: "Màámi, àárò yín ń sọ mí. Ẹ wá bá mi gbé."

Màámi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ojú tí èmi ń kán oògùn sí láràárọ̀! Wọn ò rẹ́rìn-ín fún mi bẹ́ẹ̀ rí. Mò ń jowú. Ṣé fóònù ni, àbí Ṣadé...

Wọ́n ní, "Bá mi ṣí èyí tí o kà fún mi lóṣù tó kọjá, kí fóònù tún un kà."

Mo ní bátìrì ti kú.

"Lọ fi sí ṣáájì."

Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún.