Ọwọ́ Tí Bàbá Mi Jù ní Wáfù

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ara mi o, ẹ̀yin òǹkàwé, inú ń bí mi... Olùkọ́ ni mí ní yunifásítì, fìlọ́sọ́fì ni mo ń kọ́ wọn, Amùkòkò ní Èkó ni wọ́n bí mi sí. Lọ́dún yìí mo gba ẹ̀bùn kan tí wọ́n ń fún àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, fún ìwé tí mo kọ lórí ẹni tó yẹ ká dá lẹ́bi tí nǹkan bá bàjẹ́. Gbogbo àdúgbò ń kí mi ní prọfẹ́sọ̀... prọfẹ́sọ̀ ìtìjú!

Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni mo kọ síbẹ̀. Ní wáfù Àpápá, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù, bàbá mi ló máa ń juwọ́ fún ẹni tó ń wa kéréènì tó ń gbé ẹrù, torí onítọ̀hún ò lè rí inú ọkọ̀ ojú omi nísàlẹ̀. Tí wọ́n bá ti juwọ́, ẹrù á sọ̀kalẹ̀. Lọ́jọ́ kan àgbàlagbà kan láti ìlú wa ń kọjá, ó fi oríkì pè wọ́n láti òkèèrè, Àkànní, bàbá mi sì juwọ́ láti fi dáhùn, torí ta ni àgbà máa fi oríkì pè tó máa dákẹ́? Kéréènì sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹsẹ̀ Bàbá Múfú tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tá a jọ ń gbé ilé kan náà títí dòní, ló wà lábẹ́ ẹ̀. Àṣìṣe nìyẹn, mo gbà. Àmọ́ nígbà tí kọ́ńpìnnì bi bàbá mi léèrè, wọ́n ní Bàbá Múfú ló dúró síbi tí ò yẹ kó dúró. Wọ́n gé ẹsẹ̀ Bàbá Múfú, wọ́n tún lé wọn lẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́ òfo. Èmi nìkan ni bàbá mi jẹ́wọ́ fún, wọ́n ní kí n fi sínú. Mo yí orúkọ padà nínú ìwé náà, mo fi gbẹ̀bùn.

Mo wá ní ká lọ bẹ Bàbá Múfú, bàbá mi ní, "Ṣé o fẹ́ tà mí kí n tó kú ni?" Wọ́n wá ní kí n gbé ẹran lọ fún Bàbá Múfú. Ẹran kẹ̀! Ṣé ẹran ló máa mú ẹsẹ̀ hù padà ni? Inú ń bí mi sí bàbá mi gan-an... àmọ́ èmi tí mo wọ kóòtù àti táì lọ gba àtẹ́wọ́ nídìí ẹ̀bùn yẹn ńkọ́? Kí ni mo fi sàn jù wọ́n lọ?

Bàbá Múfú ti fi ọ̀pá wọn tilẹ̀ wá kí mi kú oríire, wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n ṣàdúrà títí omi fi bọ́ lójú mi. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí n wá ka ìwé náà fún àwọn ní Yorùbá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti parọ́ pé mo gbàgbé ẹ̀ síbi iṣẹ́. Ní Sunday tó ń bọ̀, wọ́n ní àwọn á tẹ́ ẹní dè mí.

Ẹ jọ̀ọ́, abeg, ṣé kí n kà á bí mo ṣe kọ ọ́ ni, àbí kí n fo ojú ewé kẹta? Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ wọn wà.