Eyín Tó Sùn Sínú Egungun Àgbọ̀n Ìyá Rẹ

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí ilé gíga tí o ń gbé, mo kí gbogbo ẹni tí ẹ jọ ń gun àtẹ̀gùn yẹn ní àràárọ̀. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun yó? Ṣé omi ti ń dé òkè tí o wà? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ láàárín èrò tí kò mọ̀ ọ́ kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Ìlú tí o wà kò ní gbé ọ mì. Ẹni tó bá fẹ́ kí o ṣubú, òun fúnra rẹ̀ ni ilẹ̀ yóò yọ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀. Àmín. Àwa náà ń bẹ níbí. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé jò, mo ti kàn án pa. Obìnrin oníbúrẹ́dì tó wà níwájú ilé wa ra ẹ̀rọ ìpo-ìyẹ̀fun tuntun tó ń ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú, a ò tún nílò àkùkọ mọ́ ní àdúgbò.

Mo gbọ́ ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù. O ní ṣé màmá ń bínú sí ọ ni, pé bí o bá ti ní kó jẹ́ kí o rí ojú rẹ̀, ńṣe ló ń pa fóònù. Ọmọ mi, mo ti dá ọ lóhùn o. Mo jókòó, mo gbé fóònù sétí, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, omi ń bọ́ lójú mi, kí oníbúrẹ́dì tó wá sọ fún mi pé ohùn tí wọ́n ti ká sílẹ̀ ni, pé ìwọ kò sí nínú rẹ̀, o kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mú bíírò. Orí pákó iṣẹ́ mi ni mo ti ń kọ ọ́, nítorí náà bí ìlà bá wọ́, pákó ló wọ́.

Ìyá rẹ kò bínú sí ọ. Ojú rẹ̀ ni kò fẹ́ kí o rí. Ó tiẹ̀ ti lẹ àkísà mọ́ ojú fóònù yẹn, torí kò gbà pé bí a bá pa á, kì í wo ènìyàn mọ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ apá òsì ń wú díẹ̀díẹ̀. Kò dùn ún, ìyẹn ló tàn wá jẹ, torí ohun tí kò dunni, ta ni ń sáré nítorí rẹ̀? Àwọn oníbàárà tó ń ránṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ó ń sanra. Èmi náà fi ṣeré, mo ní ọrọ̀ ló ń bọ̀, apá kan ló kàn kọ́kọ́ wọlé. Ó rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Nígbà tó yá, mo rí i pé ó ti dojú jígí ibi iṣẹ́ rẹ̀ kọ ògiri, ó ní àwọn oníbàárà ló ń fi ọwọ́ ọlọ́ràá bà á jẹ́. Oníkẹ́míìsì fún un ní oògùn akokoro, ó lò ó tán, ó tún fún un ní òmíràn, ó dà bí ẹni ń pọn omi sínú agbọ̀n. Eyín kan tó wà létí ibi tó wú wá bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó sì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí òpó ọgbà tí ewúrẹ́ ń fara yún.

Lọ́jọ́ kan ó pè mí wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó mú ìka mi, ó gbé e síbi tó wú nínú ẹnu rẹ̀, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́, ó sì ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí èèpo ẹyin. Egungun ni o! Láti kékeré ni mo ti ń fi igi ṣiṣẹ́, mo mọ bí pákó ṣe ń ṣe lábẹ́ ọwọ́ nígbà tí kòkòrò bá ti jẹ inú rẹ̀ tán tó ku awọ òde. Mi ò sọ fún un. Mo kàn ní kó wọ bàtà rẹ̀, a ń lọ sílé ìwòsàn eyín.

Dókítà tí a bá níbẹ̀ kò lè ju ọjọ́ orí àbúrò rẹ lọ, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́, ó sì ń pe ìyá rẹ ní màmá kó tó fọwọ́ kàn án. Ó fi dígí kékeré ka eyín rẹ̀, ó ní ọ̀kan dín, pé ta ló yọ eyín ìkẹyìn ìsàlẹ̀ apá òsì. Ìyá rẹ ní kò sẹ́ni tó yọ eyín òun rí. Dókítà ní bí kò bá sẹ́ni tó yọ ọ́, tí kò sì sí lẹ́nu, a jẹ́ pé kò tíì jáde nílé.

Wọ́n mú un lọ sídìí ẹ̀rọ kan tó ń yí orí ènìyàn ká láti ya fọ́tò. Mo bẹ ẹni tó ń yà á pé kó ní sùúrù kí ìyá rẹ lọ wọ aṣọ gidi, torí aṣọ ilé ló wà lára rẹ̀, wọ́n sì ti ní kó bọ́ yẹtí. Ó ní fọ́tò yìí kì í mú aṣọ. Mo ní kí ló wá ń mú? Ó ní egungun ni. Mo ti ń rò ó lọ́kàn pé màá ra ẹ̀dà kan, màá sì fi igi dáadáa ṣe férémù fún un, kí a gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ìgbà tí wọ́n wá gbé e síwájú iná, ọmọ mi, gbogbo eyín tó ti ń rẹ́rìn-ín sí mi láti ìgbà èwe wà níbẹ̀, kò sí ètè, kò sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò sí ojú. Bí yóò ti rí nígbà tí a bá ti lọ tán ló rí. Mo kọjú sógiri, mi ò sọ̀rọ̀ férémù mọ́.

Nísàlẹ̀ lápá òsì, ibì kan dúdú róbótó, eyín náà sì dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀, ó dojú bolẹ̀ bí ọmọ tó sùn. Dókítà ní gbogbo eyín ló ní àpò fẹ́lẹ́ kan tó bo orí rẹ̀ kó tó hù, bí eyín bá ti ń jáde, àpò á ya, ọ̀rọ̀ á tán. Eyín ìyá rẹ yìí há sínú egungun, kò rọ́nà jáde, ni àpò rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba omi, díẹ̀díẹ̀, láti ọdún tí a ò mọ̀, ó ń ti egungun síta títí egungun fi di fẹ́lẹ́. Ó fi abẹ́rẹ́ fa omi náà wò, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ó ní kì í ṣe àìfọ eyín, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó ní kí ìyá rẹ má jẹ ohun líle rárá kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, torí bó bá ṣèèṣì fi agbára gé nǹkan jẹ, àgbọ̀n náà lè kán.

Mo bi í pé ṣé wọn ò lè fọ̀nà han eyín náà kó jáde ní pẹ̀lẹ́, torí ó ṣe mí láàánú pé láti ọjọ́ yìí ló ti ń kanlẹ̀kùn. Ó ní bó bá jẹ́ ọmọdé ni, àwọn lè ṣí fèrèsé kékeré sára àpò náà kí omi máa sun jáde, eyín á sì fúnra rẹ̀ gòkè wá nígbà míì. Ó ní fún àgbàlagbà bí ìyá rẹ, eyín yẹn kò ní ọ̀nà mọ́, àtòun àtàpò rẹ̀ ni wọ́n máa yọ. Ó tún ní iṣan kan gba inú egungun yẹn kọjá, òun ló ń jẹ́ kí ètè ìsàlẹ̀ mọ nǹkan lára, àpò omi sì ti fara tì í pátápátá. Ó ní òun máa rọra, àmọ́ ètè apá ibẹ̀ lè kú fún ìgbà díẹ̀, ó sì lè má jí mọ́. Mo bi í pé bí ètè bá kú, ibo ni wọ́n ń sin ín sí? Ó wò mí, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, Bàbá, kò ní kúrò lójú wọn o, kò kàn ní mọ̀ nígbà tí nǹkan bá kàn án ni. Ìyá rẹ ní kò burú, kí wọ́n sáà jẹ́ kóun rí ojú òun padà.

Mo fẹ́ pè ọ́ nígbà náà. Ìyá rẹ ló fi Ọlọ́run bẹ̀ mí, ó ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé iṣẹ́ ni, pé bí o bá gbọ́, o máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá.

Wọ́n kùn ún lóorun, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Nígbà tí dókítà jáde, ó ní gbogbo rẹ̀ ti jáde láìkù. Ó wé eyín náà sínú bébà, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó funfun ju gbogbo eyín tí mo ti rí lọ. Eyín tí kò jẹ nǹkan kan rí láyé. Àpò náà ni wọn ò fún mi, wọ́n ní wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí ìlú tí ìwọ wà, kí àwọn kan níbẹ̀ fi ẹ̀rọ wò ó bóyá jẹjẹrẹ wà nínú rẹ̀. Ìyẹn tún dun ìyá rẹ. Ó ní ara òun ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ òun, òun kò tíì dé ibẹ̀. Mo bẹ dókítà pé kó fún wọn ní àdírẹ́ẹ̀sì rẹ, kí o lè lọ wò ó, kí o sì bá wọn sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ mú un, èèyàn dáadáa ni. Ó ní ibẹ̀ kì í gbàlejò. Gbogbo àsìkò tí a fi ń retí èsì yẹn, a kì í wo ojú ara wa. Èsì dé, kò sí jẹjẹrẹ. Mo dọ̀bálẹ̀ fún dókítà náà, ọmọ kékeré yẹn sì kúnlẹ̀ kíá, a jọ wà nílẹ̀.

Ojú ìyá rẹ ti padà sípò. Bí o bá rí i lókèèrè, o ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣe é. Ètè ni kò jí.

O mọ bó ṣe máa ń kó píìnì sáàárín ètè nígbà tó bá ń wọn aṣọ sí ènìyàn lára, tí á máa fi imú sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì kan wá wọn aṣọ iṣẹ́ funfun rẹ̀. Ìyá rẹ kó píìnì sẹ́nu, ó ń yí obìnrin náà ká, inú rẹ̀ dùn, ó ń fi imú kọrin. Nọ́ọ̀sì wá ní, Màmá, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu yín. Ìyá rẹ ní irọ́ ni. Ìgbà tó wo àyà aṣọ yẹn ló tó mọ̀. Píìnì kan ti gún un wọlé, ó dúró síbẹ̀, kò mọ̀ ọ́n lára. Ó fi omi tútù àti iyọ̀ fọ aṣọ náà títí ó fi mọ́, ó rán an parí, ó lọ̀ ọ́, ó fún oníǹkan. Lẹ́yìn náà ó kó píìnì sínú agolo, ó da aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ. Kò tíì ṣí i láti ìgbà yẹn. Mo gbẹ́ igi pẹlẹbẹ kan, mo lẹ tìmùtìmù mọ́ ọn, kó lè máa so ó mọ́ ọrùn ọwọ́, kó máa fi píìnì gún un. Ó kí mi kú iṣẹ́, ó sì gbé e sínú dúrọ́ọ̀. Ó ní ọwọ́ òun kò mọ ọ̀nà ibẹ̀, ọ̀nà ẹnu ló mọ̀. Ó ní òun kò lè máa bẹ̀rù ẹnu ara òun. Mo ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó ní òun ń ríran, ohun tí òun sì ń rí náà ló ń pa òun lẹ́kún.

Dókítà ní a gbọ́dọ̀ máa padà wá ya fọ́tò egungun náà, torí àpò yẹn lè tún hù bí ó bá ṣẹ́kù díẹ̀, kí wọ́n sì lè rí i bóyá egungun ti ń kún padà. Nítorí náà bí ó bá ṣeé ṣe, bá wa wá owó ọkọ̀ àti ti fọ́tò. Jọ̀ọ́, má fi sórí fóònù. Èyí tí o fi síbẹ̀ nígbà kan, mo ṣí ẹ̀yìn fóònù náà, bátìrì nìkan ni mo bá. Mi ò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, àmọ́ ọwọ́ oníbúrẹ́dì ni fóònù wà lọ́jọ́ yẹn.

Àmọ́ kì í ṣe owó ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé. Wá sílé. Ìyá rẹ á gbé oúnjẹ fún ọ, ẹ óò jọ jẹun, oúnjẹ á sì máa dúró sétè rẹ̀ tàbí kí omi ọbẹ̀ máa ṣàn lọ sí àgbọ̀n rẹ̀, òun tí kì í jẹ́ kí òwú kan lẹ̀ mọ́ aṣọ ẹlòmíràn. Kò ní mọ̀, ìyẹn ló ṣe ń pa fóònù mọ́ ọ lójú. Níbi ìkómọ kan láìpẹ́ yìí, àwọn kan ń wò ó, wọ́n ń gbójú kúrò, wọ́n rò pé àánú ni. Láti ìgbà náà, n kì í bá àwọn ọkùnrin jókòó mọ́ níbi àpèjẹ. Iwájú rẹ̀ ni mo ń jókòó sí. Bí nǹkan bá wà létè rẹ̀, màá fi ìka kan ètè tèmi, bí ẹni ń lé eṣinṣin, òun náà á sì nu tirẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bí o bá dé, má sọ̀rọ̀, má gbójú kúrò. Fi ìka kan ètè rẹ. Á rí ọ.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí nǹkan kan kú lára rẹ tí o kò ní mọ̀. Ọ̀nà tí o máa gbà wálé kò ní dí. Ẹni tó máa fẹ́ ọ, kó jẹ́ ẹni tí yóò máa wo ojú rẹ nígbà tí o bá ń jẹun. Àmín.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, kápẹ́ńtà.