Kásẹ́ẹ̀tì Méjì Tó Wà Nínú Àpótí Yìí

                                                            48, Òpópónà Tipple,
                                                            Slate Hollow,
                                                            Pennsylvania.
                                                            Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹwàá, 2012.

Àbúrò ọkọ mi ọ̀wọ́n, Leona,

Ṣé dáadáa ni o wà? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ tìrẹ tí o bá fẹ́ dìde? Walt ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń bá aládùúgbò yín fa ọ̀rọ̀ ajá yẹn? Mo gbọ́ pé ooru Arizona kò tíì rọlẹ̀. Níbí, ewé ti pọ́n lórí òkè, òtútù sì ti ń yọjú láàárọ̀. Ara mi le. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá béèrè nìyẹn, òótọ́ sì ni.

Mo mọ̀ pé o ti ń retí kásẹ́ẹ̀tì fídíò orin ijó pólíkà, o ò sì ní ṣàì ti bú mi fún Walt. Méjì ló wà nínú àpótí yìí. Jọ̀ọ́, má ki ìkankan bọ ẹ̀rọ títí o ó fi ka lẹ́tà yìí tán.

Ọ̀rọ̀ kébù, wáyà tó ń gbé tẹlifíṣọ̀n wọlé fún wa, ló fà á. Ṣé o rántí ọdún tí ìjọba ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kúrò lórí ọ̀nà àtijọ́, kí wọ́n bọ́ sórí ọ̀nà tuntun tí wọ́n ń pè ní díjítà? Gbogbo ẹni tó ń fi ọ̀pá ẹ́ríà gba àwòrán ló ń sá kiri wá àpótí tí wọ́n máa so mọ́ tẹlifíṣọ̀n wọn. Wọ́n sì ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ pé ẹni tó bá ti ní kébù, kò kàn án. Gbólóhùn yẹn dùn mọ́ Cas ẹ̀gbọ́n rẹ nínú jù. Nígbà tí Philomena Grabiec tó ń gbé ọ̀ọ́kán wa ń bá ẹ́ríà rẹ̀ jà lójú fèrèsé, Cas gbé àga jáde síwájú ilé, ó ń pariwo pé, “Philomena, rọra o. Èmi ní kébù, kò kàn mí.” Ó sọ ọ́ títí ó fi di orin lẹ́nu gbogbo àdúgbò.

Cas kú, ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn ò kúrò lórí mi. Nígbà tí àwọn onílé-iṣẹ́ kébù wá kọ̀wé lọ́dún yìí pé àwọn náà ń pa ọ̀nà àtijọ́ tì, pé kí olúkúlùkù wá gba àpótí, mo kà á, mo sì ní ti àwọn ẹlẹ́ríà ni. Wọ́n tún kọ òmíràn, mo fi tẹ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò òdòdó. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sí ìsàlẹ̀ ojú tẹlifíṣọ̀n, ó ń rìn kọjá, mo ń wò ó, mo ń họ ọ̀dùnkún lọ. Kò kàn mí. Láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeé kan mo tan tẹlifíṣọ̀n, kò sí àwòrán, wínníwínní funfun bíi yìnyín ló kún ojú rẹ̀, ó ń hó ṣàà.

Mo pe Philomena. Ó gbé ife kọfí rẹ̀ dání wá, ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó wò mí. “O kú kébù o, Verna,” ló wí. “Ta ni wọ́n ní kò kàn?” Mo ní kó jókòó kó yéé rojọ́. Ó ní òun ò rojọ́, Cas ni òun ń bá wí, kó gbọ́ níbi tó wà. Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó ìwọ̀n tó yẹ, lẹ́yìn náà ó jókòó tì mí títí a fi jẹ hálúpkì àná tán, ẹran tí a fi ewé kábéèjì wé. Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ẹnu mi nìkan ló ń rẹ́rìn-ín.

Leona, ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọ rí. Gbogbo ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì bá dé ọwọ́ rẹ lo máa ń pè mí láti dúpẹ́, wí pé, “Ẹ ṣé tí ẹ ò jẹ́ kí nǹkan Cas bàjẹ́.” Mi ò tẹ bọ́tìnnì kankan rí. Ọ̀sẹ̀ tí o kó lọ sí Arizona, tó o ń sunkún pé kò sí pólíkà níbẹ̀, ni Cas jókòó sílẹ̀ níwájú ẹ̀rọ fídíò, ó wọ awò ojú, ó ń ṣépè fún un, títí ó fi pàṣẹ fún un pé ní gbogbo Sátidé, ní aago márùn-ún, kó máa dìde kó ká ìkànnì kọkànlá, níbi tí wọ́n ti ń ṣe pólíkà, sílẹ̀ fún wákàtí kan. Ó wá gbé bátìrì ńlá kan sí abẹ́ rẹ̀, kí iná má baà lọ kó gbàgbé. Nígbà tí Cas kú, mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà. Ní Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsìnkú, mo ń fọ abọ́ àwọn tó gbé oúnjẹ wá, ni mo gbọ́ “kọ́” nínú yàrá. Mo rò pé òun ló wọlé. Ẹ̀rọ fídíò ló jí. Iná pupa tàn lára rẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì ń yí.

Láti ìgbà náà, mi ò kì í jáde níròlẹ́ Sátidé. Tó bá dún kọ́, màá ní, “Káàbọ̀.” Tó bá parí, màá yọ kásẹ́ẹ̀tì, màá fi èyí tí o dá padà sí i. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Cas ló ń ká a fún ọ, kì í ṣe èmi.

Sátidé tó tẹ̀ lé ìgbà tí kébù yí padà, ó jí. Ta ni yóò sọ fún un? Ó ká yìnyín. Mo jókòó tì í, mo wo yìnyín náà tán. Mi ò sunkún. Ó yẹ kí n sunkún, ṣùgbọ́n inú mi kàn dákẹ́ ni. Ó ti ń dákẹ́ bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́.

Ọkùnrin kébù dé ní ọjọ́ Ajé, Wendell lorúkọ rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ó so àpótí mọ́ tẹlifíṣọ̀n, àwòrán dé, pólíkà pàápàá ṣì wà, nọ́ńbà rẹ̀ nìkan ló wá gùn bíi ti fóònù. Ó yẹ ẹ̀rọ fídíò wò. Ó ní, “Màmá, àṣẹ tó wà nínú èyí, ìkànnì kọkànlá ló ń wá, kò sì sí i mọ́. Ìkẹta ló gbọ́dọ̀ máa wò báyìí, ibẹ̀ ni ohun tí àpótí yìí bá gbé wá ń gbà wọlé. Ẹ jẹ́ kí n pa á rẹ́, kí n fún un ní tuntun.” Ó ti di rímóòtù mú. Mo ní kó gbé e sílẹ̀.

“Yìnyín lásán ni yóò máa ká o, Màmá.”

Mo ní, “Jẹ́ kó máa ká a.”

Kò bá mi jiyàn. Ó fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn mí, ó tún fi hàn mí lẹ́ẹ̀kejì, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Sátidé kejì, yìnyín ni.

Ìwọ ló wá pè mí ní Ọjọ́bọ̀. O ní àwọn obìnrin àdúgbò yín ti to àga sí ẹ̀yìn ilé rẹ, wọ́n ń béèrè pólíkà, ẹsẹ̀ ń yún wọn. O ní, “Cas ò jẹ́ fi mí sílẹ̀ báyìí.” Eré lò ń ṣe, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Kò jẹ́ fi ọ́ sílẹ̀. Torí tìrẹ ló ṣe jókòó sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe torí tèmi.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo di rímóòtù mú. Mo tẹ ibi tí Wendell fi hàn mí. Ojú tẹlifíṣọ̀n bi mí bóyá ó dá mi lójú pé kó pa àṣẹ àtijọ́ rẹ́. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Mo fi àṣẹ tèmi sí i. Lánàá, ní aago márùn-ún, ó dún kọ́, ìró kan náà, iná kan náà. Mi ò kí i. Èmi ni mo ní kó jí.

Philomena ní kí n kí ọ, ó ní ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wo kásẹ́ẹ̀tì ní Arizona, ẹ kú ìfaradà. Bá mi kí Walt, kó fi ajá alájá sílẹ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì tí mo so rábà mọ́ ni ti àná. Pólíkà ni, ó mọ́ kedere, ẹ jó o. Tí ẹ bá jó o tán, dá a padà bí o ti máa ń ṣe, kí n lè ká òmíràn lé e. Èyí tó ní ọwọ́ ìkọ̀wé Cas lára, yìnyín ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òun ló ká a fún ọ kẹ́yìn. O lè wò ó, o lè má wò ó. Ṣùgbọ́n má dá ìyẹn padà.

                                                            Èmi ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ, lónìí bíi ti àná,
                                                            Verna Hudak.