Òfin Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Ògiri Gbọ̀ngàn

Bàbá mi àtàtà,

Orí tábìlì yín ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, tí ẹ fi páálí tì lẹ́sẹ̀, tí ẹ kò jẹ́ kí káfíńtà kankan fọwọ́ kàn títí ẹ fi lọ. Páálí náà ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o, èmi ni Alága Ẹ̀ṣọ́ ìlú wa báyìí. Èmi tí ẹ máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé mò ń sá fún tòlótòló. Lẹ́yìn ìsìnkú yín ni mo fi iṣẹ́ akọ̀wé kóòtù sílẹ̀ ní Òṣogbo, mo padà wálé wá mójú tó oko kòkó yín. Nígbà tí mo dé, olè kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi. Kòkó tí a bá sá lónìí, a ò ní í bá a lọ́la. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tí mo bá nílẹ̀ sì nìyẹn, kùmọ̀ ni wọ́n fi ń dájọ́. Mo wo ojú ọkùnrin kan tí wọ́n lù títí tó fi wú, ara mi kò gbà á. Ni mo bá jáde du ipò náà.

Pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a ti dìbò. Àwa olùdíje méjì dúró, oníkálukú tò sẹ́yìn ẹni tó fẹ́. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, tí mo rí i tí ìlà mi gùn dé ìdí igi máńgòrò, omi bọ́ lójú mi. Ẹ̀yin ni mò ń wá láàárín wọn.

Mo ṣèlérí pé a ò ní í lu ẹnikẹ́ni mọ́, pé ẹni tí a bá mú, àgọ́ ọlọ́pàá ni a ó mú un lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo mú ìlérí náà ṣẹ. Odidi oṣù márùn-ún, ẹ̀ṣọ́ kankan kò gbá ènìyàn létí. Kí n má purọ́ fún yín, mo gbéra ga díẹ̀.

Ṣùgbọ́n olè kò dáwọ́ dúró, àwọn àgbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ọwọ́ mi rọ̀ jù. Ni mo bá jókòó sídìí tábìlì yìí, mo kọ òfin tuntun bí a ṣe ń kọ ọ́ ní kóòtù, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbọ̀ngàn ìlú. Ẹnikẹ́ni tí ẹ̀ṣọ́ bá bá nínú oko olóko, tó ti mú ohunkóhun níbẹ̀, olè ni. Kí wọ́n mú un. Bí ó bá fẹ́ lọ, kí wọ́n fi agbára dá a dúró. Gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́ fún mi.

Bàbá, mi ò rántí ẹni tí ebi ń pa. Ẹ̀yin lẹ sì kọ́ mi. Àlejò tí ebi bá pa lọ́nà lè ya oko olóko kí ó jẹun, kí ó fi èèpo sílẹ̀ nídìí igi, kí olóko lè mọ̀ pé ebi ni, kì í ṣe olè. Kó má ṣáà dì í lọ. Nítorí irú wọn lẹ ṣe gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sẹ́bàá ọ̀nà Ìwàrà. Bí ẹ bá bá èèpo níbẹ̀, inú yín á dùn, ẹ ó ní àlejò wa ti kọjá. Báwo ni mo ṣe gbàgbé? Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ rí, èmi sì ti pẹ́ jù nídìí ìwé.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, bàbá arúgbó kan ń bọ̀ láti Ẹ̀sà-Òkè. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ ní Ìwàrà, ó ń fẹsẹ̀ rin ìyókù, ó ń bọ̀ wá kí ọmọ rẹ̀ tó ń ránṣọ nílùú wa. Ó yà sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín. Mẹ́ta nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ mi ká a mọ́bẹ̀, wọ́n ní oko Alága gan-an ló wá jà lólè! Ó ń ṣàlàyé, ó ń nawọ́ sí èèpo. Wọ́n ka òfin mi sí i létí. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa lọ, wọ́n tì í, ó fi orí sọ òkúta. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kú.

Mo débẹ̀. Èèpo mẹ́rin ni mo rí, ó tò wọ́n jọ sídìí igi. Kò sí àpò kankan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ìlú pè mí. Wọ́n ní bí ọlọ́pàá bá gbọ́ bó ṣe rí, àwọn ọmọ wa mẹ́ta á ṣẹ̀wọ̀n, ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ á tú ká, olè á sì gba ìlú. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé àpò kòkó méjì la ká mọ́ ọn lọ́wọ́, pé níbi tó ti ń sá lọ ló ti ṣubú. Wọ́n ní èmi kúkú ni mo mọ̀wé kọ.

Mo kọ ọ́, Bàbá. Mo fọwọ́ sí i.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á bá a. Ta ni yóò gbé òótọ́ náà wá? Àwọn tó mọ̀ ọ́n kò pé mẹ́wàá, gbogbo wọn ló sì tò sẹ́yìn mi ní pápá. Ǹjẹ́ ẹ̀ ń rí mi níbi tí ẹ wà? Bí ẹ bá ń rí mi, ṣé ẹ ti kọ̀ mí lọ́mọ ni? Mi ò lè sùn, mi ò lè gbàdúrà, ojú ń tì mí láti kọjá níwájú ibojì yín.

Lánàá ni ọmọ bàbá náà wá bá mi nílé. Mo rò pé ó wá ṣépè fún mi ni. Ó kúnlẹ̀. Ó ní wọ́n ti ka ìwé tí mo kọ náà sí òun létí ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó wá ń bẹ̀ mí, pé kí n má ṣe bínú, pé òun kò mọ̀ pé bàbá òun ń jalè. Ó ní ojú ń ti òun débi pé òun kò ní í lọ síbi ìsìnkú rẹ̀.

Mo fà á dìde. Mo ní mo ti dárí jì í.

Èmi ni, àbíkẹ́yìn yín, tó fẹ́ràn yín síbẹ̀síbẹ̀.