Òkúta Inú Abọ́ Kì Í Ṣe ti Gìgísẹ̀

Màmá,

Ẹ kú ojúmọ́ o. Mo lẹ ìwé yìí mọ́ ilẹ̀kùn balùwẹ̀ kẹ́ ẹ lè kà á kẹ́ ẹ tó wẹ̀.

Òkúta méjì tó wà nínú abọ́ omi tó wà ní balùwẹ̀ yẹn, òkúta ìpọ́nbẹ mi ni. Ńṣe ni mo rẹ wọ́n sómi kí n lè fi pọ́n irin ráńdà tí mo fi ń fá pákó.

Láàárọ̀ yìí, mo pọ́n irin lórí èyí tó kúnná, mo fi fá ilẹ̀kùn oníbàárà, ló bá rí gbágungbàgun bí ọ̀nà tí òjò bà jẹ́. Ìgbà tí mo wo òkúta, kòtò ti wà láàárín rẹ̀, ó rí roboto bíi gìgísẹ̀ èèyàn. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ ò rí bí ẹsẹ̀ Màmá ṣe ń dán ni?"

Mi ò bínú. Irọ́ ni, mo bínú díẹ̀. Ọ̀sán yìí ni onílẹ̀kùn ń bọ̀! Mo ti fi sáńpépà ha òkúta náà títí ó fi tẹ́jú, mo ti tún irin pọ́n, mo sì ti sáré lọ ṣọ́ọ̀bù.

Èyí tó rí ṣákaṣàka, mo fi ta yín lọ́rẹ. Ẹ máa fi họ ẹsẹ̀ lọ. Èyí tó kúnná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe bí ẹni tí ò rí i.

Èmi ọmọ yín.

Mo gbàgbé: kòtò kan tún wà lẹ́yìn òkúta náà. Ìyẹn kéré, gìgísẹ̀ yín ò lè wọ̀ ọ́. Ẹ bá mi sọ fún ìyàwó mi tó ń rẹ́rìn-ín pé mo ti rí i.